Ẹ má tíì ra maíkì olówó gọbọi o! Yàrá yín gan-an lẹ ó kọ́kọ́ tún ṣe

Ẹ fi ọmọkùnrin kan ní Mushin ṣe àpẹẹrẹ, torí irú ẹ̀ pọ̀ nílùú lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Oṣù mẹ́jọ gbáko ló fi dá àjọ. Lọ́jọ́ tí alájọ kówó lé e lọ́wọ́, kò tiẹ̀ dúró jẹun, Computer Village n'Íkẹjà ló gbà lọ tààrà. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù ú kó máa ka ewì sínú kọ̀ǹpútà ẹ̀ nílé, kó máa fi ránṣẹ́ káàkiri, bóyá Ọlọ́run á ṣe é, kí ilé-iṣẹ́ rédíò kan gbọ́ ohùn ẹ̀, kí wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ọmọ tó ń tajà gbé maíkì kan síwájú ẹ̀, ó ń dán yinrin bíi góòlù, fóòmù dúdú wà lórí ẹ̀, apá irin tó ń ká bọ̀ ká lọ wà nídìí ẹ̀. Owó tó pè é ga, àmọ́ ọmọ náà mọ ọ̀rọ̀ sọ: "Bọ̀dá mi, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á!" Ni bọ̀dá bá sanwó.

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni ìyá tó bí ìyá ẹ̀ wá kí wọn láti Ìsẹ́yìn. Ìyá àgbà ti lé lọ́gọ́rin ọdún, àwọn nìkan ló sì kù nínú ẹbí tó mọ oríkì ìdílé wọn látòkè délẹ̀. Inú ọmọkùnrin yìí dùn, ó ní òun ti rí iṣẹ́ àkọ́kọ́ ṣe. Ó gbé àga fún ìyá ní pálọ̀, ó gbé maíkì síwájú wọn, ó fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin jìnnà sí wọn kó má baà dí wọn lójú. Ni ìyá bá bẹ̀rẹ̀ oríkì. Odidi wákàtí kan! Nígbà tí wọ́n dé orí bàbá tó bí wọn, omi bọ́ lójú wọn. Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìyá wọ mọ́tò, ó di Ìsẹ́yìn.

Àṣé gbẹgẹdẹ ti gbiná. Nígbà tí ọmọkùnrin yìí jókòó láti gbọ́ ohun tó gbà sílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ alájọgbé ló kọ́kọ́ gbọ́. Ó gbọ́ fáànù òkè àjà. Ó gbọ́ ọmọ tó ń polówó píọ wọ́tà, ó gbọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata lẹ́bàá títì. Ìyá ńkọ́? Ìyá ń bẹ lẹ́yìn gbogbo wọn, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú kànga. Owó àjọ ti lọ, oríkì ò sì hàn.

Ta ni kí wọ́n bá wí? Kì í ṣe pé maíkì náà bàjẹ́. Ohun tí ọmọkùnrin yìí ò mọ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀, ni pé nínú ọ̀rọ̀ ká gba ohùn sílẹ̀ nílé, yàrá ló ṣáájú, ibi tí wọ́n gbé maíkì sí ló tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn ìgbà náà lowó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn.

MAÍKÌ Ò NÍ ỌPỌLỌ

Etí èèyàn ní ọpọlọ lẹ́yìn. Bí ìyá bá ń sọ̀rọ̀ tí jẹnẹrétọ̀ ń dún, ọpọlọ á ti jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn, á gbé ọ̀rọ̀ ìyá síwájú, títí ẹni náà ò fi ní rántí pé nǹkan kan ń dún mọ́. Maíkì ò mọ ìyá, kò mọ jẹnẹrétọ̀. Ohun tó bá ta sí i ló ń gbé lọ.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Wọ́n ń pe ọ̀kan ní dynamic, wọ́n ń pe ìkejì ní condenser. Nínú dynamic, awọ fẹ́lẹ́ kan wà tí wọ́n so wáyà wíwé mọ́. Bí ohùn bá lu awọ yìí, wáyà náà á máa mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mágnẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ niná kékeré tó ń gbé ohùn ti ń jáde. Kò fẹ́ iná kankan láti ìta. Condenser ní tiẹ̀ ní awo méjì tó sún mọ́ra, ọ̀kan fẹ́lẹ́ tó ń mì, ìkejì dúró gbọin. Ó gbọ́dọ̀ rí iná kó tó ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n ń lò ní sítúdíò sì sábà máa ń fẹ́ iná 48 fóòtì, tí wọ́n ń pè ní phantom power.

Condenser tètè máa ń gbọ́ ohùn ju dynamic lọ. Ní yàrá tó parọ́rọ́, ó dára púpọ̀, kódà mímí ẹni tó ń kọrin á hàn kedere. Àmọ́ ní àdúgbò tí jẹnẹrétọ̀ mẹ́fà ń dún lẹ́ẹ̀kan náà, dynamic téèyàn gbé sún mọ́ ẹnu ló ń gbani. Ẹnikẹ́ni má sì fojú ọmọ aláìní wo dynamic o. Shure SM58 tí gbogbo ayé ń rí lọ́wọ́ olórin lórí ìtàgé, dynamic ni, láti 1966 ni wọ́n sì ti ń tà á. SM7 tí ilé-iṣẹ́ kan náà gbé jáde ní 1973, dynamic lòun náà, òun ni Bruce Swedien sì fi gba ohùn Michael Jackson sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe Thriller tó jáde ní 1982.

ÌDÍ TÍ ARIWO FI Ń BA YORÙBÁ JẸ́ JU BẸ́Ẹ̀ LỌ

Èdè Yorùbá, ohùn ló gbé e ró. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ wá wò ó: bí ọkùnrin bá ń sọ̀rọ̀, ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ sábà máa ń mì láàárín nǹkan bí ìgbà 85 sí 180 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti obìnrin máa ń wà láàárín nǹkan bí 165 sí 255. Iná mànàmáná tiwa ní Nàìjíríà ń mì ní ìgbà 50, ariwo hùù tó sì máa ń bá wáyà wọlé máa ń dún ní 50, ní 100, ní 150, ní 200. Ibi tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ wa jókòó sí gan-an lariwo náà fìdí tì sí!

Lóòótọ́, ètò kan wà lórí kọ̀ǹpútà tó lè gé ariwo kúrò. Ṣùgbọ́n bó bá ti gé ariwo púpọ̀, á gé lára ohùn náà dání, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á wá máa dún bí ẹni tó wà nínú páìpù. Ariwo tó bá ti wọ inú ohùn, ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́ tán ṣọ̀wọ́n. Kó má wọlé rárá ló dáa jù.

BẸ́ Ẹ ṢE MÁA TÚN YÀRÁ ṢE LÁÌNÁ KỌ́BỌ̀

Ẹ dúró láàárín yàrá, kẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ tó dáhùn padà gẹ́lẹ́ bí ìgbà tí agolo bá dún, yàrá náà ò tíì ṣe é lò. Ògiri lásán, táìsì ilẹ̀ àti gíláàsì fèrèsé ló ń dá ohùn padà. Yàrá tí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ àti kápẹ́ẹ̀tì wà nínú ẹ̀ dára ju pálọ̀ lọ fíìfíì. Ẹ ṣí ibi tẹ́ ẹ ń kó aṣọ sí sílẹ̀, kẹ́ ẹ kẹ́yìn sí i. Ẹ fi búláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn kọ́ sára ògiri tẹ́ ẹ kọjú sí. Ẹ gbé fóòmù bẹ́ẹ̀dì kan nàró sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bẹ́ ẹ bá tún pàtẹ́wọ́, ẹ̀yin náà á mọ ìyàtọ̀.

Àwọn kan máa ń lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri. Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Páálí ẹyin ò nípọn tó láti gbé ohùn mì, iṣẹ́ díẹ̀ ló ń ṣe. Ẹ sì má gbàgbé pé búláńkẹ́ẹ̀tì ń mú gbohùngbohùn inú yàrá kúrò ni, kò lè dá ariwo jẹnẹrétọ̀ ìta dúró. Èyí fẹ́ ọgbọ́n mìíràn: kẹ́ ẹ pa fáànù, kẹ́ ẹ ti fèrèsé, kẹ́ ẹ sì mọ àsìkò. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, òru ni wọ́n ń gbà á, nígbà tí epo ti tán nínú jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò tí àkùkọ ò sì tíì kọ. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, ẹ lọ sùn.

Ọgbọ́n tó ju gbogbo ẹ̀ lọ ni pé kẹ́ ẹ sún mọ́ maíkì. Ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá dín àlàfo tó wà láàárín ẹnu àti maíkì kù sí ìdajì, ohùn tó ń tẹnu bọ̀ tààrà máa ń fi nǹkan bí decibel 6 le sí i, jẹnẹrétọ̀ ìta á sì wà bó ṣe wà. Ká ní ọmọkùnrin Mushin yẹn gbé maíkì kúrò ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin wá sí ìdajì ẹsẹ̀ bàtà ni, ohùn ìyá ì bá fi nǹkan bí decibel 18 le sí i. Kọ́bọ̀ kan ò ní kúrò lápò ẹ̀.

Bí lẹ́tà "p" àti "b" bá ń fẹ́ atẹ́gùn lu maíkì, tó ń dún bùù, ẹ na sítọ́kìn obìnrin mọ́ irin háńgà tẹ́ ẹ tẹ̀ bí òrùka, kẹ́ ẹ gbé e sáàárín. Púpọ̀ nínú maíkì tí wọ́n ń tà sì jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní cardioid, iwájú ló ń gbọ́ dáadáa, etí ẹ̀yìn ẹ̀ di. Nítorí náà, ẹ kọ ẹ̀yìn maíkì sí fèrèsé tí ariwo ń gbà wọlé.

KÍ LÓ YẸ KẸ́ Ẹ WÁ RÀ?

Ẹni tí ò lówó rárá, fóònù ọwọ́ ẹ̀ ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Fóònù òde òní tó wà lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì, tó sún mọ́ ẹnu, á ta maíkì góòlù tó wà ní pálọ̀ olóríwo yọ. Kó gbé e sórí ìwé díẹ̀, kó má fi ọwọ́ dì í mú, torí bí ọwọ́ ṣe ń rìn lára ẹ̀ ló máa ń dún.

Ẹni tó lówó díẹ̀, kó wá dynamic tó ń fi wáyà USB wọ kọ̀ǹpútà. Samson Q2U àti Audio-Technica ATR2100x wà lára irú ẹ̀. Oore tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ní ihò méjì: wọ́n ní USB fún òní, wọ́n sì ní ihò XLR oníwáyà mẹ́ta fún ọjọ́ iwájú. Lọ́jọ́ tí ẹni náà bá fẹ́ tẹ̀ síwájú, kò ní sọ maíkì nù. Ihò tí wọ́n ń ki ohun ìgbọ́hùn bọ̀ sì wà lára wọn, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á lè máa gbọ́ ara ẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ kọrin, tó fẹ́ ta gìtá, tàbí tó fẹ́ máa gba iṣẹ́ olówó, òun ló kàn kó ra audio interface, èyí táwọn ọmọ sítúdíò ń pè ní "sound card". Àpótí kékeré ni, òun ló ń gba ohùn lọ́wọ́ maíkì, tó ń sọ ọ́ di òǹkà tí kọ̀ǹpútà á lóye. Behringer UM2 wà lára àwọn tó rọjú, Focusrite Scarlett Solo gbówó lórí jù ú lọ, àwọn méjèèjì sì lè fún condenser ní iná 48 fóòtì. Maíkì kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbà. Ẹni tó bá fẹ́ gba ohùn èèyàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kó yáa wá èyí tó gba méjì.

Kí onítọ̀hún má sì ná gbogbo owó sórí maíkì tán. Wáyà ńkọ́? Ìdúró tó máa gbé maíkì ró ńkọ́? Ohun ìgbọ́hùn ńkọ́? Ẹni tó ra ẹṣin tí ò ra ìjánu, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn délé.

Ní ti ohun ìgbọ́hùn, irú tó bo etí mọ́lẹ̀ ló dára, kí ohùn má baà jò padà sínú maíkì. Bí kò bá sówó, íápíìsì oníwáyà lásán á ṣe é. Ẹ má lo oní-Bluetooth nígbà tẹ́ ẹ bá ń gba ohùn sílẹ̀, torí ohùn máa ń pẹ́ kó tó dé etí, ẹni tó ń kọrin á sì ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ẹ má sì tan ẹ̀rọ agbọ́hùnsókè sílẹ̀ níwájú maíkì tó ń ṣiṣẹ́ o, igbe tó máa ké á lè jí òkú.

Ẹ ṢỌ́RA FÚN PAŃPẸ́ ỌJÀ

Pańpẹ́ àkọ́kọ́ ni condenser aláràbarà tí wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sí, pé kẹ́ ẹ kì í bọ ihò íápíìsì kọ̀ǹpútà tààrà. Ihò yẹn ò ní iná 48 fóòtì láti fún un. Ohùn á rẹlẹ̀, á máa dún ṣìì bí ọ̀pá omi tó jò.

Pańpẹ́ kejì ni ayédèrú. SM58 pàápàá, ayédèrú ẹ̀ pọ̀ lọ́jà kárí ayé. Ní Amẹ́ríkà, ojúlówó ẹ̀ máa ń tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún dọ́là. Bí ẹnìkan bá pè é ní ìdá mẹ́rin owó yẹn ní Alábà, tó ní "original" ni, ẹ kí i pé ó kú ọjà, kẹ́ ẹ máa lọ. Dynamic olówó pọ́ọ́kú tó ń jẹ́ orúkọ ara ẹ̀ sàn ju ayédèrú tó jí orúkọ olórúkọ lò.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín àti íápíìsì lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ sọ̀rọ̀ sí i, ẹ gba ohùn náà sílẹ̀, ẹ gbọ́ ọ. Ẹ mi wáyà ẹ̀ bó bá ń dún gbàmùgbàmù. Ẹ gba rìsíìtì, kẹ́ ẹ béèrè iye ọjọ́ tẹ́ ẹ lè fi dá a padà. Ẹni tó bá kọ̀ pé kẹ́ ẹ má dán an wò, ó ní ohun tó mọ̀.

KỌ̀ǸPÚTÀ ŃKỌ́?

Ohùn ẹnìkan ò wúwo. Kọ̀ǹpútà tókunbọ̀ tó ti lo ọdún mélòó kan lè gbà á láìláàágùn. Ẹ kàn gbé e jìnnà sí maíkì kí fáànù inú ẹ̀ má baà wọlé. Audacity, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Carnegie Mellon University ní Amẹ́ríkà ní 1999, ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux, ó sì tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn gan-an ni kẹ́ ẹ ti mú un, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń ta sọ́fútíwíà lórí fíláàṣì.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbà á, àmì kan á máa fò sókè sódò. Odo lòpin. Ohùn tó bá kọlu odo ti fọ́ nìyẹn, kò sí bí wọ́n ṣe lè tò ó padà. Ẹ ní kí ẹni náà kọ́kọ́ sọ ibi tó máa le jù nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ yí i títí àmì náà ò fi ní ju nǹkan bí −12 lọ.

Ẹ tọ́jú ẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi WAV. Ní ìwọ̀n tí àwo CD ń lò, ìyẹn òǹkà 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wákàtí kan ohùn ẹnìkan ò ju nǹkan bí 320 MB lọ. Fíláàṣì 32 GB kan lè gba nǹkan bí 100 wákàtí. Bẹ́ ẹ bá gbé e gba WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document kó má baà fún un pọ̀. Ẹ sì rí i pé ó wà níbi méjì ó kéré tán, torí kọ̀ǹpútà ò ní dágbére kó tó kú.

Ti NEPA náà wà ńbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ hùù nínú ohùn, ẹ yọ ṣájà kúrò, kẹ́ ẹ fi bátìrì kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, hùù náà á lọ. Ẹ wo àǹfààní ibẹ̀: iná tí NEPA mú lọ ò ní já iṣẹ́ yín gbà, jẹnẹrétọ̀ ò sì ní nílò kẹ́ ẹ tàn án.

OHÙN TÓ KÙ LẸ́YÌN ẸNI

Láyé àtijọ́, kì í ṣe gbogbo èèyàn lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní 1969, àwọn tó lórúkọ bíi Haruna Ishola àti I.K. Dairo ló lè kó ara wọn jọ, kí wọ́n dá Star Records sílẹ̀. Ẹni tí ò lórúkọ, ohùn ẹ̀ bá a wọ sàréè ni.

Àfi ẹni tí Ọlọ́run bá rán ẹnìkan sí. Ní 1940, ọ̀jọ̀gbọ́n aláwọ̀ dúdú kan láti Amẹ́ríkà, Lorenzo Dow Turner, gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí Bahia, ní Brazil. Ó bá bàbá arúgbó kan níbẹ̀, Martiniano Eliseu do Bonfim, ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ. Bàbá yìí ti gbé Èkó rí nígbà ọ̀dọ́ ẹ̀, Yorùbá sì dá ṣáká lẹ́nu ẹ̀. Turner gba ohùn bàbá sílẹ̀. Ní 1943, bàbá jáde láyé. Títí dòní, ohùn ẹ̀ wà ní ibi ìkóhùnpamọ́ ní Indiana University, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bí àgbàlagbà ṣe ń sọ Yorùbá ní Bahia nígbà yẹn lè gbọ́ ọ. Ká ní Turner ní òun á dúró di ọdún mẹ́rin sí i kí ẹ̀rọ tó dáa jù jáde ni, òfo ni ì bá bá.

Ẹ̀rọ tó wà lápò ọmọkùnrin Mushin yẹn lónìí rọrùn-ún lò ju ti Turner lọ. Ìyá ṣì wà láyé n'Ísẹ́yìn. Kó má dá àjọ mìíràn torí maíkì. Kó wọ mọ́tò, kó mú fóònù àti íápíìsì dání. Kó mú ìyá wọ yàrá, kì í ṣe pálọ̀, kó fi ìró ìyá fúnra wọn kọ́ sára ògiri. Kó pa fáànù, kó gbé fóònù sí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ẹnu wọn, kó sì bẹ̀ wọ́n pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kì lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó se ọbẹ̀ olówó ńlá sínú ìkòkò tí ò fọ̀, kó má bá ẹlẹ́ran jà.